Òdòdó Tí Kò Ṣẹ́ Lójú Rírán

Bí ẹ bá rí fọ́tò ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa tí kò ní irorẹ́, tí kò ní àpá, tí ikùn rẹ̀ sì wọlé ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, Ojú Àṣá ló tún un ṣe. Iṣẹ́ obìnrin yìí nìyẹn, nínú yàrá tóóró tó wà lẹ́yìn ilé ìyafọ́tò. Ó ń pa irorẹ́ àti àpá rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń la ojú ẹni tó ṣẹ́jú nígbà tí iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń fi irọ́ kéékèèké jẹun, gbogbo ẹbí fi í ṣe adájọ́ fọ́tò.

Fọ́tò aṣọ ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Àwọn gbájúẹ̀ á fi kọ̀ǹpútà ya aṣọ tí kò sí níbì kankan láyé, wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sì kó sí wọn lọ́wọ́ á gba àkísà. Ojú Àṣá kì í pẹ́ dáhùn.

"Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ti tẹ̀. Wọ́n bu ìbàdí kún un ni."

"Òjìji aṣọ wà lọ́tùn-ún, ti ẹni tó wọ̀ ọ́ wà lósì. Ṣé oòrùn méjì ló ràn ni?"

Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi ìdájọ́ rẹ̀ ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Ó máa ń tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn gan-an ló sì kó bá a.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú ẹbí fi fọ́tò gáùn olódòdó ńláńlá ránṣẹ́, wọ́n yà á láti ẹ̀yìn. Wọ́n ti gé orúkọ ṣọ́ọ̀bù kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ojú rírán wà láti ọrùn dé ìdí, òdòdó kankan ò ṣẹ́ sí méjì. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ kan Ojú Àṣá, ó fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ pé: "Kọ̀ǹpútà ló ya èyí. Kò sí télọ̀ tó lè rán an báyìí. Ẹ má dá wọn lóhùn." Ó sì padà sídìí orí apárí kan tó ní kí wọ́n bá òun dín dídán rẹ̀ kù.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìdájọ́ náà ti dé etí ìyá ìyàwó tó ni gáùn. Ó pe télọ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí òun bá bá ohun tí kò jọ fọ́tò, òun á polongo rẹ̀ kárí ìgboro. Àwọn oníbàárà míì ò tilẹ̀ dúró dìgbà náà, wọ́n ti wá ń kó aṣọ wọn.

Télọ̀ ọ̀hún pe Ojú Àṣá lórí fóònù.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ pé irọ́ ni gáùn olódòdó?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dé?"

"Èmi ni mo rán an."

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ojú Àṣá ò pa kọ̀ǹpútà kó tó jáde.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá gáùn náà lọ́rùn ère oníke tí wọ́n ń wọ aṣọ fún, ó fi èékánná tọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ojú rírán kankan àfìgbà tó yí inú rẹ̀ síta.

"Mo gé apá kan, mo tẹ́ ẹ lé aṣọ tó kù títí mo fi rí òdòdó tó bá a mu," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ rán an mọ́ra kí n tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí Màámi ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ìwọ wà níbẹ̀, eré lò ń ṣe."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."

Ojú tì í dé eegun. Ó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé òun ṣìṣe, pé òótọ́ ni gáùn, pé ẹ̀gbọ́n òun ló rán an. Àmọ́ òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. "Ẹ̀gbọ́n ẹ mà ni, kí lo tún fẹ́ sọ?" ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó ya fọ́tò inú gáùn, ó fi gbogbo òwú tó yọ síta sílẹ̀, òun tí kì í fi òwú kan sílẹ̀ nínú fọ́tò rí. Èsì tó gbà nìyí: "Ojú Àṣá, o mọ iṣẹ́ ẹ! Òwú yẹn tilẹ̀ jọ òótọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ojú Àṣá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ìṣẹ́tí gáùn náà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìyá ìyàwó wọlé. Màmá yẹn ò jókòó. Ó yí aṣọ síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ta ló wá pe èyí nírọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ò wo ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ rárá.

"Ẹnì kan tó mọ irọ́ dáadáa ni, mà. Òótọ́ ni kò dá mọ̀ mọ́."

Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn kúrò ńbẹ̀, kó má lọ jó aṣọ aláṣọ."