Iṣẹ́ Ọwọ́ Asimawu Tí Wọ́n Fi Téèpù Pín

Ẹ má pè é ní aṣọ lójú Asimawu o. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Atikori, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ wí pé, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n gé aṣọ yín sí mẹ́ta lọ́jọ́sí, yóò yọ gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀ sórí másíìnì, yóò sì bi yín bóyá ẹ rí ibi tí wọ́n ti ń gé ọmọ ọlọ́mọ sí mẹ́ta rí. Ẹ yáa wá ibi jókòó sí nígbà náà, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í tán bọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí i, ó sì yẹ kó bí i.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìbora elégèé ni wọ́n ń rán. Wọ́n á ṣa ègé aṣọ tó bá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ àwọn télọ̀, wọ́n á gé e ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, títí yóò fi tó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wá fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ará etídò ní Ibiade ló ń rà á jù, torí òtútù omi kì í ṣeré lọ́hùn-ún. Ogún ọdún ni Asimawu fi rán ìbora kan náà. Bí ègé kan bá yà báyìí, ìyá rẹ̀ á tú gbogbo rẹ̀, á ní kó lọ bọ́jú kó tó padà wá.

Ìyá ti kú nígbà tí oníbàárà wọn kan ní Ibiade, Zipporah ẹlẹ́ja, gbé ìbora ọdún mọ́kànlá wá pé kó bá òun tún un ṣe. Asimawu tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Oòrùn àti ọṣẹ ti jẹ àwọn búlúù náà, kò sí méjì tó jọra mọ́; bí omi ṣe ń rí nírọ̀lẹ́ gan-an ni ìbora náà rí. Ó fún Zipporah ní tuntun, ó gbé ògbólógbòó lọ sílé. Kò gé igun mẹ́rin mọ́ láti ọjọ́ náà. Aṣọ tó ti ṣá ló ń wá kiri. Ó ní èjìká ẹ̀wù máa ń ṣá ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, abẹ́ apá kì í fẹ́ẹ́ ṣá rárá, nítorí náà ẹ̀wù kan ṣoṣo lè fúnni ní àwọ̀ mẹ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fi bora: òjò tó ṣú sórí igbó, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, ọkọ̀ agbégi tó rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Àwọn oníbàárà ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé òtútù ń mú ògiri ni. Ó ní kí wọ́n lọ ra búláńkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni baba wọn kú, Ṣéhù agégẹdú. Ìyàwó mẹ́ta ni baba náà fẹ́, nítorí náà ìdí igi mẹ́ta ni wọ́n pín aṣọ rẹ̀ sí, ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Mùbàṣírù, tó jẹ́ àkọ́bí, ló kọ́kọ́ mú, ó sì kó agbádá àti léèsì. Nígbà tí gbogbo wọn mú tán, àwọn ẹ̀wù iṣẹ́ baba ló kù nílẹ̀, àwọn tí oòrùn ti jẹ lẹ́yìn, tí oje igi ti ta sí láyà. Mùbàṣírù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó wọn fún àwọn ọlọ́kadà kí wọ́n máa fi nu ọ̀kadà. Asimawu, ọmọ ìyàwó kẹta, ló ní kí wọ́n fún òun. Wọ́n fún un, wọ́n tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún méjì gbáko ló fi gé àwọn ẹ̀wù náà, tó rán wọn pọ̀ di àwòrán. Baba wọn nígbà ọ̀dọ́ ló rán, nígbà tó ń gba orí omi Ibiade kó gẹdú lọ: gẹdú tó léfòó lápá òsì, baba láàárín, tó fẹsẹ̀ ọ̀tún ṣíwájú lórí igi, tó na ọ̀pá gígùn kan sínú omi tó gba gbogbo apá ọ̀tún. Kò fi ojú sí i, kò fi imú sí i, kí àwọn àlùfáà, tó ní Ìsìláàmù kò fẹ́ àwòrán èèyàn, má baà bá a fa ọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá mọ Ṣéhù, tó rí ìdúró yẹn, kò ní béèrè ta ni. Iṣẹ́ náà tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ, ló bá gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ baba, níbi tí gbogbo ẹbí ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀ríolúwa, obìnrin kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ní Ago-Iwoye, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá wò ó. Ó dúró síwájú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó ní àwọn fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ ọnà lóṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ yìí nìkan ni yóò wà lára ògiri iwájú, kò sí ohun tí yóò bá a du ibẹ̀. Asimawu, tí wọn ò tíì pe ohun tó ń ṣe ní iṣẹ́ ọnà rí láyé rẹ̀, wọ yàrá lọ, ó sunkún.

Ọ̀sẹ̀ tí ìpàtẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ná ọjà Ibiade. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò lọ́hùn-ún. Ó dé, ó bá ìṣó lásán lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mùbàṣírù ló fi ayọ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ti gbọ́ pé àwọn àlejò fẹ́ wá gbé aṣọ Bàbá lọ, aṣọ Bàbá sì ni, ogún ni, kò lè di ti ọmọ ìyá kan ṣoṣo. Ó pe àwọn àgbà ẹbí, ó yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà sí ìrẹ́jẹ, wọ́n sì fi sísọ́ọ̀sì gé e sí ìdí igi mẹ́ta. Òun àgbà kọ́kọ́ mú, ó mú àárín, níbi tí Bàbá wà, ó sì ti fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àdíját, ọmọ ìyàwó kejì, mú gẹdú. Èyí tó kù ni wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù fún Asimawu: omi, àti ọ̀pá tí kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

"A ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ," ni Mùbàṣírù wí. Ó ń retí kí Asimawu dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó dúró, ó ń retí ọpẹ́.

Asimawu gbé láílọ́ọ̀nù náà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ Bàbá lẹ ní kí wọ́n fi nu ọ̀kadà. Èyí tí ẹ gé yìí, iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí télọ̀ ni ọ́. Tó bá dùn ọ́, bá èmi àti Àdíját sọ ọ́ lẹ́yìn Iléyá, kí o rán an padà."

Rán an padà! Sísọ́ọ̀sì ti gba ọrùn ọwọ́ baba kọjá. Bó bá kán an pọ̀, ojú rírán yóò gbé ọwọ́ náà mì. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó fi téèpù wọn baba rẹ̀? Ó lọ bá Àdíját, Àdíját ní ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti wí náà ni. Ẹ̀ríolúwa ní kí wọ́n sún ìpàtẹ náà síwájú, pé a kì í fárí apá kan dá apá kan sí. Asimawu ní òun kọ́ ni òun fá a, kí wọ́n gbé ìpín òun kọ́.

Wọ́n gbé e kọ́ sí apá ọ̀tún ògiri ńlá náà. Ìyókù ògiri ṣófo. Omi ni àwọn èèyàn ń wò, àti ọ̀pá tó wọnú omi fúnra rẹ̀. Mùbàṣírù wọ agbádá baba, ó kó ẹbí wá, ó dúró sí àárín gbọ̀ngàn pé kí wọ́n wá kí òun kú oríire. Bàbá àgbà kan, olùkọ́, bi Asimawu pé ta ló di ọ̀pá yìí mú.

"Bàbá mi ni. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló wọ agbádá yẹn, ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí sí i. Mùbàṣírù ní, "A pín in ni." Ó wo ògiri òfìfo náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé láílọ́ọ̀nù kan dé Atikori. Kò jókòó. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́, kí ó jọ̀wọ́ gbà á, kí ó so Bàbá mọ́ omi rẹ̀.

Asimawu kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí másíìnì. "Ìpín yín ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, lẹ́yìn náà ó gbé baba rẹ̀ sí abíyá, ó wá ọ̀kadà lọ sílé.