Bí Nha Firmina Ṣe Ná Ipò Kẹrìndínlógójì

Títí di òní, bí kùrukùru bá ti bo odò ní Westerhaven, ní Họ́láńdì, tí àwọn ọmọ Cabo Verde sì kóra jọ sí Ilé Atukọ̀, ìtàn kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Nha Firmina, ìyẹn Ìyá Firmina lédè wọn, sin Zulmira Fortes, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé, lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ á ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á sì dákẹ́ dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló mọ ibi tó ń lọ.

Zulmira ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ kó wà lára àwọn tí yóò díje sí ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sí ipò kẹrìndínlógójì nínú ogójì. Bí ìdìbò bá tilẹ̀ ṣẹnuure fún wọn, ìjókòó méje péré ni wọ́n máa ń rí mú. Ọ̀gbẹ́ni Hofstee, tó ń to orúkọ, fi ẹ̀rín sọ ọ́ bí ẹni tó ń fún ọmọdé ní súìtì. Zulmira ti la ẹnu láti dúpẹ́ nígbà tí Nha Firmina fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ipò kẹta," ni Nha Firmina wí.

Hofstee wò ó. "Mama, a kì í ta ipò níbí."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ tà á. Mo ní kẹta."

"Kẹrìndínlógójì yìí dáa. Ipò iyì ni."

"Tó bá jẹ́ ipò iyì, ẹ̀yin ẹ lọ jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé tiyín fún un. Ipò kelòó tiẹ̀ lẹ wà?"

"Ìkejì," ni Hofstee wí, etí rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n.

"Ẹ ò rí nǹkan. Ó dáa, kẹfà. Ẹ jẹ́ ká fi parí ẹ̀ ká máa lọ."

"Mama, kò lè ṣeé ṣe."

"Ipò kelòó wá ni jálẹ̀?"

Hofstee ní kò sí ohun tó ń jẹ́ jálẹ̀. Ni Nha Firmina bá dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀ há abíyá, ó fa Zulmira lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú irú ìrìn tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ dáadáa, tí èèyàn ń lọ tí etí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Àmọ́ ọmọ Họ́láńdì ni Hofstee. Ẹni tó bá lóun ń lọ, wọ́n á ní kó máa lọ dáadáa ni. Kò pè wọ́n padà. Ó tiẹ̀ sáré wá bá wọn ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n dé ibùdókọ̀ tráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, Nha Firmina dúró gbagidi. Kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé iná ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń tóbi, tó tún ń kọjá lọ. Ó ń ṣe Zulmira bí ẹni pé orí omi làwọn dúró sí.

"Nha, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀. Òtútù yìí ti pọ̀ jù fún yín."

"Wọn ò tíì pè wá."

"Wọn ò ní pè wá o. Àwọn èèyàn yìí kì í pe èèyàn padà."

"Irọ́ ni. Ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni. Fún un láyè."

Ó ń fi imú kọrin kékeré kan, ó sì ń wo aago ara ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀, tí gbogbo ìlú Họ́láńdì ń múra àtijókòó sídìí oúnjẹ, ó ní òun gbàgbé ìbọ̀wọ́ òun sọ́fíìsì. Wọ́n padà. Hofstee ti wọ kóòtù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nha Firmina fìdí lé àga.

"Kẹwàá," ló wí.

"Mama, ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ sílẹ̀."

"Ìdí tí mo fi ní ká tètè parí ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dùnkún tó ti tutù ò dùn ún jẹ."

Hofstee wo aago, ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo ìyá àgbà tó ti ń tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀. "Kọkàndínlógún," ló wí. "Ó parí o."

"Ẹ ṣeun gan-an ni, ọmọ mi. Èènì wa ńkọ́?"

Èènì yẹn ni wọ́n fi gbé àwòrán Zulmira sára ìwé ìpolongo ẹgbẹ́. Nha Firmina gbà á kí Hofstee tó ti ìlẹ̀kùn tán.

Kò sí ohun tí obìnrin yìí kì í ná. Arie ẹlẹ́ja, tó máa ń pàtẹ lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á ti fi owó lé ẹja makẹ́rẹ́lì kí àwọn méjèèjì lè ríbi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí eyín ń dùn ún, ó san iye tí Arie pè láìjanpata. Ni Arie bá fi àtẹ sílẹ̀, ó sìn ín délé, ó sì ní kí àwọn ará ilé pe dókítà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, tí àlùfáà bá fún un ní àdúrà mẹ́wàá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, á ní márùn-ún, wọ́n á parí ẹ̀ sí méje. Á wá gbàdúrà mẹ́jọ, á sì padà lọ sọ fún àlùfáà pé kó bá òun fi ọ̀kan pa mọ́ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àlá gan-an, ó ń ná an. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ ọ́ fún Zulmira lórí àtẹ̀gùn ilé wọn. Ó ní ọkọ òun, Teodoro, tí òkun gbé lọ láti ọjọ́ pípẹ́, wá bá òun lójú àlá, omi ṣì ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó mú òun lọ́wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú, ibẹ̀ ni òun ti rí Zulmira lẹ́nu ọ̀nà, tó fi àwo gbé kọfí dání.

"Mo ní, Teodoro, ohun tó o gbé wá yìí kéré. Bá ọmọ yìí gbé àwo yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e sọ̀. Mo ní kó wọlé. Ó mú un wọlé. Mo ní kò lè máa dúró báyẹn, àga dà? Teodoro rẹ́rìn-ín títí omi ara rẹ̀ fi kún ilẹ̀, ó wá fún ọ ní àga."

"Nha, àlá ni."

"Mo mọ̀ pé àlá ni. Mo ti parí tọ̀run. Ó ku àwọn tó wà nílẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ Ilé Atukọ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ wá. Ilé bíríkì àtijọ́ kan ni, létí omi, ti ìlú ni, ibẹ̀ sì ni àwọn atukọ̀ Cabo Verde ń wọ̀ sí látìgbà tí ọkọ̀ òkun ti ń kó wọn wá. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà di àgbà, tí ọ̀pọ̀ sì ti lọ, àwọn opó wọn ló ń jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń ta ayò, ayò ọlọ́pọ́n kan náà tí àwa náà mọ̀, tí wọ́n sì ń wo omi. Ìgbìmọ̀ wá fẹ́ tà á. Odidi òpópónà ni àwọn ọmọ Cabo Verde kún ní ìlú yẹn, àmọ́ wọn ò lẹ́nì kankan nínú ìgbìmọ̀. Ẹlòmíì ló máa ń dìde níbẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn ò fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí Nha Firmina kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wa," á wí, "a ò sí níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀.

Zulmira kò fẹ́. Tráàmù ló ń wà, kò sì sọ ju orúkọ ibùdókọ̀ tó kàn lọ fún ẹnikẹ́ni láti òwúrọ̀ dé alẹ́. "Nha, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ," ló wí.

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀? Mo ní kó o lọ jókòó. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìdí ẹ kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá fúnra rẹ̀."

Ní ìlú náà, bí ìbò tó wọlé fún orúkọ èèyàn kan bá pọ̀ tó, á fo àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò tíì di ọmọ ilẹ̀ náà pàápàá lè dìbò ìlú, bó bá ti pẹ́ níbẹ̀. Nha Firmina gbọ́ èyí, ó sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dé ọ̀dọ̀ Nhô Lela, bàbá kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dáná nínú ọkọ̀ òkun.

"Nhô Lela, ìbò mélòó ló wà nílé yìí?"

"Mẹ́rin."

"Mo fẹ́ mẹ́wàá."

"Mẹ́rin là ń jẹ́, Nha. Ibo ni kí n ti rí mẹ́wàá?"

"Ẹ mú mẹ́jọ wá, kí n fi yín sílẹ̀."

"Ṣé kí n bí wọn kílẹ̀ tó mọ́ ni?"

"Mẹ́fà. Nítorí ìyá yín tó ti lọ."

Márùn-ún ni wọ́n fi parí ẹ̀. Ẹnì karùn-ún ni ọkọ ọmọ Nhô Lela, òyìnbó Họ́láńdì kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀, tó ń jẹ kachúpà rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Látìgbà tó ti gbọ́njú, ẹgbẹ́ mìíràn ló ń dìbò fún, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè. Lọ́jọ́ ìdìbò, ó fi pẹ́ńsù pupa kun òrùka tó wà níwájú orúkọ Zulmira. Ó ní bí òun ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò mọ ojú tí òun ì bá fi wọlé lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Zulmira fo gbogbo wọn, ó wọlé. Hofstee fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ láago, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó dárúkọ iye ìbò tó fi ju èyí tí wọ́n nílò lọ. Nha Firmina gba fóònù lọ́wọ́ Zulmira.

"Ìyẹn ni pé a ní ṣéńjì," ló wí. "Ibo lẹ kó o sí?"

Hofstee ṣàlàyé pé wọn kì í tọ́jú ìbò tó bá ṣẹ́kù de ìdìbò mìíràn. Títí tó fi kú, Nha Firmina kò gbà. Ó ní àwọn tó ka ìbò ti ná an.

Nígbà tí àìsàn wá dé, dókítà sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Nha Firmina ní oṣù mẹ́ta. Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan, ní kò sí lọ́wọ́ òun.

"Lọ́wọ́ ta ló wà? Ẹ pè é wá."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan kọjá. Dókítà ò sọ iye ọjọ́ kankan mọ́, ó kàn ń wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jáde. Àwọn opó ń wá jókòó tì í, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún un, ó sì ń tún ibi tí wọ́n ṣì sọ ṣe. Nígbà mìíràn á máa bá Teodoro sọ̀rọ̀ lójú oorun, ohùn rẹ̀ lọ́lẹ̀, bí ẹni tó ti ń rí etíkun lọ́ọ̀ọ́kán. Ní òwúrọ̀ kan tí fèrèsé funfun fún kùrukùru, ó lajú, ó wá ọwọ́ Zulmira.

"Ọmọ mi," ló wí, "ibi tí mo ná an dé nìyí."

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pinnu ọ̀rọ̀ Ilé Atukọ̀, wọn ò tíì sin ín pẹ́. Hofstee ti di ọ̀kan lára àwọn aláṣẹ ìlú, ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó dìde. Ó ní nítorí àwọn opó, àwọn á fún wọn ní ọdún méjì sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á ta ilé. Ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ, ó sì ti ń jókòó padà.

Zulmira rí i pé òun ti wà lórí ìdúró. "Ogún ọdún," ló wí.

"Káńsẹ́lọ̀ Fortes," ni Hofstee wí, "àbá ni mo mú wá. Kì í ṣe ọjà."

"Mo gbọ́. Ogún ọdún."

Hofstee bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo Zulmira pẹ́ títí, nǹkan kan sì rọ̀ lójú rẹ̀. "Márùn-ún," ló wí níkẹyìn, àwọn tó jókòó tì í sì yíjú wò ó.

Àárò Nha Firmina sọ Zulmira débi pé kò rí iwájú dáadáa mọ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, láìfipá fà á. "Méjìdínlógún," ló wí. Hofstee ní mẹ́wàá. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi parí ẹ̀, wọ́n nawọ́ sókè sí i, ó di òfin.

Nígbà tó jáde sórí àtẹ̀gùn, òtútù ti ń mú, àwọn opó ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Zulmira mú fóònù, ó tún fi í pamọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó wù ú láti sọ ọ́ fún ni ẹni tí ì bá gbọ́ mẹ́rìnlá, kó mi orí, kó sì sọ fún un pé ó kéré.