Àga Tó Wà Lára Fìlà Bàbá Mi

Òórùn ṣítáàṣì gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà kò ní gbàgbé òórùn yẹn: gbágùúdá tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n dà sínú omi híhó, tó wá ń ki nínú ìkòkò bí ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Àwọn típà tó ń kó yanrìn lọ sí Àbújá tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ti ń kùn lójú títì, eruku wọn sì ti dé àgbàlá wa ní Nyanya. N kò bọ́jú, n kò kí ẹnikẹ́ni, mo sáré gba ọ̀dọ̀ Màmá Ládì lọ. Fìlà tí mo ṣọnà sí fún bàbá mi ni wọ́n fẹ́ rì sínú ṣítáàṣì yẹn, ọjọ́ kejì ni Iléyá.

Màmá Ládì ni aládùúgbò wa, ará Kano. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Abẹ́ igi máńgòrò àgbàlá ló máa ń tẹ́ ẹní sí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á máa fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sára fìlà àwọn Hausa. Aṣọ funfun méjì ló máa ń fi lé ara wọn, á fi pẹ́ńsù ya ọnà sí i, á wá máa fi òwú tẹ̀lé ìlà náà díẹ̀díẹ̀ títí ara aṣọ yóò fi kún. Tó bá parí, ṣítáàṣì ló kàn, fìlà náà á sì le, á dúró gangan. Mo máa ń jókòó tì í títí ìyá mi á fi pè mí jẹun. Ìyá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì lọ́jà Nyanya, nítorí náà bí ẹlòmíràn ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré ni èmi ń fi òwú ṣe tèmi.

Bàbá mi ní tirẹ̀, káfíńtà ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, etí títì ní Kugbo ló ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, a ó ti gbọ́ òórùn fánìṣì kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Fìlà gidi kan ló ní, èyí tó ń dé lọ sí ìpàdé àwọn ará ìlú rẹ̀ àti sí yídì. Lọ́jọ́ kan ó gbé e sórí tábìlì tó ń kàn, fánìṣì dà sí i, fìlà gbẹ bí èèpo igi. Ó ní òun á ra òmíràn kí Iléyá tó dé. Mo ní kó má rà á, pé èmi ni màá ṣe é.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ tí wọ́n ní kí o rán áńkáṣíìfù níléèwé, tí o rán an mọ́ yẹ̀rì ara rẹ?"

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e wálé. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, Ràmá. Mi ò ní ra fìlà mọ́. Tìẹ ni màá dé lọ sí yídì."

Láti ìgbà yẹn ni oorun mi kò ti dán mọ́rán mọ́. Tí n kò bá parí rẹ̀, tàbí tó bá burú, fìlà onífánìṣì ni bàbá mi máa dé síwájú gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Nyanya, èmi ni mo sì fà á.

Màmá Ládì gé aṣọ fún mi. Ó ní kí n ṣe àwọn òrùka kéékèèké yí etí fìlà ká ná, kí ọwọ́ mi lè rọ̀. Mo fa òwú le jù, aṣọ súnkì, ó hun jọ bí ojú arúgbó. Ó gbà á, ó wò ó, ó dá a padà. "Kai, Ràmá. Tú u." Mo tú u. Mo tún un ṣe, ó tún ní kí n tú u. Nígbà tó yá, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́, kò sọ pé kí n tú u, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé láti jẹun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló tún fa wàhálà. Gbogbo òwú tó wà lórí àtẹ ìyá mi ni mo fẹ́ lò, pupa, aláwọ̀ ewé, èyí tó ń dán bíi wúrà. Màmá Ládì ní kí n mú méjì péré. Mo mú búlúù, mo sì mú aláwọ̀ igi, nítorí mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ yà síwájú fìlà náà.

"Àga," ni mo sọ fún un.

"Àga? Lórí fìlà?"

Mo ní iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn. Ó ronú sí i, ó na pẹ́ńsù sí mi. "Yauwa. Yà á kí n rí i."

Mo ya àga, mo to ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan. Màmá Ládì ní ewúrẹ́ mi dára. Ó ní mo kàn gbàgbé ìwo. A pa á rẹ́, a yà á lákọ̀tun: ẹsẹ̀ iwájú gùn, ti ẹ̀yìn kúrú díẹ̀, ẹ̀yìn àga sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè fìlà. Ojoojúmọ́ tí mo bá ti iléèwé dé ni mo ń ṣe díẹ̀ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo parí ẹ̀yìn àga, kò sẹ́ni tí n kò fi hàn lágbolé, títí kan mẹ́rúwà tó gbé omi wá fún wa.

Láàárọ̀ Iléyá, ṣítáàṣì ti gbẹ lára fìlà, bàbá mi sì ti wọ aṣọ funfun. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà náà fún un. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò pa àga náà lára. Ó dé e. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè, bí ó ti máa ń lọ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ó sì tẹ fìlà náà sí apá ọ̀tún.

Ṣítáàṣì dún kẹ̀rẹ̀. Àga mi wọnú ibi tó ká. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù níta.

Ìyá mi wo bàbá mi, ó wò mí, ó di ògiri mú, ẹ̀rín sì gbà á. Ṣé ẹ rí i, láti ọjọ́ tí mo ti lajú ni mo ti ń rí bàbá mi tó ń tẹ fìlà. Gbogbo ọkùnrin tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí pálọ̀ wa ló ń tẹ tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ya ọnà, orí ọkọ Màmá Ládì ló wà lójú mi, orí tí fìlà ti ń dúró gangan. Ẹkún bú jáde lẹ́nu mi.

"Àga mi dà?" ni bàbá mi wí, ó ń fọwọ́ wá a lórí. Mo nawọ́ sí ibẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ki ẹ̀ṣẹ́ bọ inú rẹ̀, ó rọra tì í títí ó fi nà padà. Ó lọ síwájú dígí, ó dé e nàró. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Àwa náà ń wò ó, ó jọ pé Hausa ló máa fi kí wa.

Ìyá mi ní, "Bàbá Ràmá, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́? Kí ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa wí?"

"Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n wí."

Wọ́n sì wí i. A kò tíì dé yídì tán tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta pákó ti ń pariwo lókèèrè pé, "Sànnu, Málàmù!" Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà na ọwọ́ láti bá a tẹ fìlà, bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Àga ni ọmọ mi ṣe síbẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àga á wó."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn pe ẹlòmíràn, gbogbo wọn pagbo yí orí bàbá mi ká, wọ́n ń bá mi yẹ ẹsẹ̀ àga wò. Ọkọ Màmá Ládì náà dé, ó fọwọ́ kan fìlà tirẹ̀, ó sì bọ bàbá mi lọ́wọ́ bí ẹni tó rí ará ilé. Mo dúró lẹ́yìn bàbá mi, mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ga ju igi máńgòrò lọ lọ́jọ́ náà.

Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni mo fi ń jẹun títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣọnà sí fìlà fún òun, màá ní kó kọ́kọ́ dé èyí tó wà nílé wá, kí n lè mọ apá ibi tó ń tẹ̀ ẹ́ sí. Òwú mi kò le jù mọ́, ìlà mi sì tọ́. Ṣùgbọ́n inú fóònù ni wọ́n ti ń mú ọnà wá fún mi báyìí, èmi a sì yà á bó ṣe wà. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n yà. Ọmọbìnrin tó ya ewúrẹ́ yẹn láyà jù mí lọ, ó sì ń dùn mí.

Iléyá tó kọjá, mo lọ bá bàbá mi kírun. Ó ti darúgbó, ó gbé fìlà náà jáde. Ara aṣọ ti rọ̀, ṣítáàṣì ti bá omi lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bó ṣe dé e báyìí ló ṣubú fúnra rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a se ṣítáàṣì sí i, ó ní àsìkò ti lọ. Ó gbé e dìde, ó tún wó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn dé yídì, ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká mi, ó ń fi ìkejì gbé àga náà dìde.