Ohùn Bàbá Ọmọ

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin, ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń ránṣọ. Tírélà ni ọkọ ẹ̀ ń wà, ọ̀nà jíjìn ni, ó lè pẹ́ gan-an kó tó fojú kan ilé. Nígbà oyún àkọ́kọ́, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pè. Àbúrò mi á fi ìránṣọ sílẹ̀, á gbé fóònù lé ikùn. Ọkọ á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò dààmú ìyá ẹ lónìí?" Ọmọ á fẹsẹ̀ gbá fóònù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.

Oyún pé oṣù méje, ọmọ kú sínú.

A ò tíì nu ojú tán tí onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa fi la ẹnu ẹ̀ gbàgà: "Fóònù tó ń gbé lé ikùn yẹn ló pa á." Ẹ gbọ́ mi, ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún ọlọ́fọ̀ nìyẹn?

Nígbà tí oyún kejì dé, àbúrò mi gbé fóònù ẹ̀ fún mi pátápátá. Tí oníbàárà bá yọ tiẹ̀, á fò dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí bá a sọ̀rọ̀ títí: "Àwọn tó ń ṣèwádìí ò tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé fóònù ń pa ọmọ inú. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ tẹ sípíkà, ẹ gbé e jìnnà sára." Ó ń mi orí lásán ni, kò gbà.

Èmi ni ọkọ wá ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún un?" Lọ́jọ́ kan ó bú sẹ́kún, ọkùnrin gìrìpá! Ara mi ò gbà á mọ́. Mo tẹ sípíkà, mo gbé fóònù dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Àbúrò mi fọwọ́ méjèèjì bo ikùn. "Ẹ gbé e kúrò! Fóònù tí bàbá ẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀ ló pa èyí àkọ́kọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kó tún pa èyí ni?"

Ọkọ gbọ́ gbogbo ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀: "Ṣé èmi ni mo wá pa ọmọ mi?" Ó bá pa fóònù.

Kò pè mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀gá ẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Oyún yìí náà ti wọ oṣù méje. Láàárọ̀ àná, àbúrò mi figbe ta pé ọmọ ò mira. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, a sáré dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ní ó ń lù dáadáa. Síbẹ̀ ọmọ ò gbá ẹsẹ̀ kankan. Nígbà tá a padà dé ṣọ́ọ̀bù, àbúrò mi na ọwọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ fún mi ní fóònù mi."

Ó pe ọkọ ẹ̀, ó tẹ sípíkà, ó gbé e lé ikùn bíi tàtijọ́. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí à ń pè ti pa fóònù ẹ̀. Ó tún un pè. Obìnrin yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ fẹsẹ̀ gbá fóònù.

Àbúrò mi dorí kodò sí ikùn, ó ń sunkún. "Kì í ṣe bàbá ẹ nìyẹn," ó ní. "Ọmọ mi, kì í ṣe òun."