Bí Èmi àti Bàbá Mi Ṣe Sáré Bá Ọkọ̀ ní Kútọnu

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nílùú òyìnbó ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún èmi àti bàbá wa: láti Kútọnu dé Dakar, ọjọ́ mẹ́jọ lórí òkun. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní kí èrò kọ́kọ́ dé Èkó, kí wọ́n sùn síbẹ̀, kí wọ́n tó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Bàbá mi ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní òun ti dé Èkó láti ọjọ́ tí òun ti fi Ìsẹ́yìn sílẹ̀, òun sì ti sùn síbẹ̀ dáadáa, ó kù ká máa lọ.

Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ìwé ẹrù ni mò ń ṣe ní èbúté Tin Can dòní, ṣùgbọ́n n kò sùn nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Bàbá mi ńkọ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ru àpò ìrẹsì àti sìmẹ́ǹtì ní Àpápá. Ọkọ̀ tó gùn ò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan tó gbé e kúrò ní èbúté rí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí èyí bá fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní sí òmíràn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la wọ mọ́tò tí a háyà, a kúrò nílé. Ìwé ní wọ́n á ti géètì èbúté Kútọnu ní aago méjì ọ̀sán, àwa méjèèjì sì ka aago méjì yẹn bí ará Àpápá ṣe ń kà á. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ń lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ lè bá a níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọkọ̀ ń dúró de ẹrù, ẹrù ń dúró de ìwé, ìwé ń dúró de ọ̀gá tó lọ jẹun. Nítorí náà, nígbà tí a dé Àgbádárìgì, tí bàbá mi ní kí dẹ́rẹ́bà páàkì ká jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, n kò bá a jiyàn. Ó jẹun tán, ó fa àga mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Àpápá àtijọ́ fún alákàrà.

"Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó wí, ó sì béèrè àkàrà sí i. A lo wákàtí méjì gbáko níbẹ̀.

Ìgbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù ní Sẹ̀mẹ̀ ni ojú wa tó là. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé wa wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo aago. Aago méjìlá ti kọjá.

"Daddy, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ ti kọjá látàárọ̀ o."

"Ọkọ̀ ò ní tíì ṣe tán," bàbá mi dáhùn. "Mo mọ iṣẹ́ yẹn."

"Ọkọ̀ ẹrù lẹ mọ̀, sà. Dis one na people e dey carry. Tó bá ti lu méjì, wọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Inú bí mi sí ara mi, èmi tí mò ń pe ara mi ní ọmọ èbúté. Mọ́tò wa ò níwèé àtikọjá, a gbé báàgì wa, a fẹsẹ̀ rìn dé òdìkejì. Àwọn takisí ibẹ̀ ń retí kí èrò kún. N kò tíì la ẹnu tí bàbá mi ti nawọ́ sí ọlọ́kadà méjì.

"Bàbá, orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún kọ́ ló ni tíkẹ́ẹ̀tì," ó ní, "èmi ni."

A gbéra. Òkun ń bá wa lọ lápá òsì, bàbá mi ti ki fìlà bọ àpò, jálàbíà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú mi. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́kadà rẹ̀ bá dẹwọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́." Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà la dé géètì. Obìnrin tó ń ṣọ́ ọ yẹ ìwé wa wò, ó mi orí, ó ní ká wọlé. A gun àtẹ̀gùn dé òkè ọkọ̀, wọ́n fún wa ní àga, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Bàbá mi ní, "Alihamudulilai." Mo sunkún díẹ̀, n kò tijú.

Kò pẹ́, ọkọ̀ fun fèrè gígùn kan, ó mi àga wa. Bàbá mi gbé ife sílẹ̀, ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kọjú sí ọ̀nà àtẹ̀gùn.

"Dìde," ó ní. "Fèrè ti dún. Gbogbo alábàárù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jókòó, Bàbá. Àwa náà ń bá a lọ."

Ó wò mí, ó wo èbúté tó ti ń sún sẹ́yìn. Ó jókòó. Kò gbé báàgì náà kúrò léjìká títí ilẹ̀ fi parẹ́ mọ́ wa lójú.