Erùpẹ̀ Ìdí Ògiri

Ní ìhà tiwa níbí, òkè ni gbogbo oko. Bí yìnyín bá ti yọ́, omi a gbá erùpẹ̀ lọ sí ìdí ògiri òkúta nísàlẹ̀, olóko a sì fi apẹ̀rẹ̀ pọ̀n ọ́n padà sókè. Gudlaug ti ṣe é fún ọdún mẹ́tàlélógójì, àfi ìgbà tí orúnkún rẹ̀ kọ iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bí erùpẹ̀ bá tún ṣàn lọ, òkúta ni yóò kù fún un, yóò sì dèrò yàrá ẹ̀yìn nílé ọmọ rẹ̀ ní ìlú Bergen. Kò fẹ́ràn ìlú náà rárá.

Ọdún yẹn gan-an ni Sjur, àbúrò rẹ̀, ní òun fẹ́ gé igi igbó òun tó wà lókè oko náà. Ojú ọ̀nà tí bàbá wọn ń wọ́ gẹdú gbà sọ̀ kalẹ̀ tààrà ti di ọ̀nà omi tó ń dà sínú oko náà látijọ́. Gudlaug ní kí ó dúró kí òtútù mú ilẹ̀ dì, kí ẹṣin wọ́ igi gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kí Sjur sì kó gbogbo ẹ̀ka dí ojú ọ̀nà àtijọ́ náà kí omi má baà rí ibẹ̀ gbà. Sjur ní ìdọ̀tí ni ẹ̀ka, òun yóò sun ún.

“Sun ún,” ni Gudlaug wí. “Ìwọ lo máa pọn erùpẹ̀ mi.”

Sjur ò sun ún mọ́, ó kó o dí ojú ọ̀nà náà. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣẹ̀sín títí, wọ́n ní igbó rẹ̀ rí bí ilé ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, òjò tún rọ̀ lé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Gudlaug ò lè jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà. Erùpẹ̀ ìdí ògiri ò ju ẹ̀kún ṣọ́bìrì kan lọ. Ó wo odò tó wà lẹ́yìn ògiri, kò sí erùpẹ̀ nínú omi rẹ̀, ó rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Sjur sáré dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e o, mo ti dé.”

“Kí ni n ó gbé?”

Sjur bojú wo ìdí ògiri, ó wúkọ́. “Ṣebí mo sọ fún yín pé ẹ̀ka yẹn máa wúlò?”

“Ìwọ kẹ̀? O ṣeun. Gbé ìyẹn lọ sókè.”

Bí Sjur ti ń gun òkè lọ pẹ̀lú ẹ̀kún ṣọ́bìrì kan náà, Gudlaug dojú apẹ̀rẹ̀ délẹ̀, ó sì jókòó lé e. Láti ọdún mẹ́tàlélógójì, kò jókòó níbẹ̀ rí.