Gẹ̀ẹ́sì Àràárọ̀

Láràárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa á ní kí ẹnì kan dìde, kó fi gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ṣe lánàá. Kò sí ohun tó sú mi nílé ìwé tó èyí. Àwọn òyìnbó kò tíì pẹ́ ní Ìlọrin nígbà náà, ilé ìwé ìjọba sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo ti ka Kùránì parí lọ́dọ̀ àfáà àdúgbò wa, ohùn mi a sì máa já geere níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dìde fún gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n mi á gbẹ. Ó dé ibi pé mi ò lè jẹun àárọ̀ nílé mọ́.

Odindi oṣù kan ni mo fi mu àgbo tí ìyá mi sè, torí ó rò pé ibà ni. Mi ò sọ fún un pé gẹ̀ẹ́sì ni.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan wá wo ilé ìwé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, oòrùn ti mú kí ọrùn rẹ̀ pọ́n. Tíṣà pè mí dìde, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni mo ṣe lánàá.

"Yẹ́s, sà," ni mo wí.

Ó tún bi mí.

"Yẹ́s, sà."

Èmi àti bàbá mi ti ru iṣu lọ sí ọjà Ìpàtá lánàá. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú orí mi, kò kàn sọ̀kalẹ̀ sẹ́nu ni. Tíṣà ní kí n jókòó.

Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ, ó fẹ́ fi Haúsá kí àfáà àgbà tó ń kọ́ wa ní Lárúbáwá. Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. Àwọn tó gbọ́ Haúsá láàárín wa fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tó lọ, mo bi àfáà pé, "Bàbá, kí ló ṣe é?"

"Ìjọba fẹ́ dán an wò lórí Haúsá lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn mọ́."

Mo rò pé ìyẹn á kì mí láyà. Ńṣe ló tún rẹ̀ mí sí i, pé ẹni tó ni gẹ̀ẹ́sì gan-an kò bọ́ nínú ìyà yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n lè tètè jẹ ìyà tèmi tán, mo dìde kí tíṣà tó pè mí. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo sọ nípa iṣu àti ọjà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni tíṣà bá mi tún ṣe.

"Jókòó," ló wí. "Ìwọ náà ni lọ́la."

Mo padà di akọ̀wé ní kóòtù. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dá òyìnbó lóhùn. Wọ́n rò pé mò ń ronú ni.